Bí Mo Ṣe Wá Ojú Mi Lọ sí Oǹdó

Ẹ̀yin ará Oda, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà oko láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé, "Ìyá Rótìmí, ṣé lóòótọ́ ni?", mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin, pé kó mú bírò wá. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ohun tí ojú mi rí, mo sì mọ ìgbà tí kò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó ka èyí. Ẹni tí kò mọ̀wé bíi tèmi, kó lọ bẹ Tọ́pẹ́.

Ẹ rántí bí mo ṣe wà. Ojú ọ̀tún mi ti funfun bí ẹyin tí wọ́n sè, ti òsì sì ti ń tẹ̀ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí òpó ilé pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá," inú sì bí mi pé bàbá náà kò dáhùn. Mo bu ọṣẹ ìfọṣọ sọ́bẹ̀, mo pè é ní iyọ̀. Ọbẹ̀ ń hó, ó ń yọ fóòmù, èmi ń sọ pé epo dáadáa ni mo rà.

Rótìmí ọmọ mi tó wà l'Ékòó gbọ́. Ó pè mí lórí fóònù.

"Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́. Bí oṣù yìí bá ti parí, mo ń bọ̀ wá kó yín. Ẹ ó máa bá wa gbé. Ẹ ó kàn máa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ni."

Mo ní, "Rótìmí, èmi tí mi ò ríran lo fẹ́ gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n?"

Ó ní màá máa gbọ́ ohùn wọn.

Mo mọ ilé rẹ̀. Yàrá méjì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, kò sí ibi téèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ kan sí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti gun àtẹ̀gùn yẹn láìríran, mi ò ní sọ̀ ọ́ mọ́ àfi kí wọ́n gbé mi sọ̀. Oko mi, ilé mi, ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi jà lórí adìẹ, gbogbo rẹ̀ ló máa parí. Ni mo bá di ẹrù, mo gbé iṣu rù, mo sì ki adìẹ kan sínú apẹ̀rẹ̀ fún dókítà tó bá máa là mí lójú. Mo fẹ́ gba ojú mi padà kí oṣù tó parí.

Àkúrẹ́

Fún ẹlòmíì, Àkúrẹ́ ò jìnnà sí wa. Fún ẹni tó ń wo ayé láti inú kùrukùru, ó jìn bíi Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀dọ̀ Fúnkẹ́ ni mo dé sí, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀yin náà mọ irú ọdún tó jẹ́: ọdún tí ìjọba ń san ààbọ̀ owó oṣù, ní oṣù tó bá rántí. Fúnkẹ́ fayọ̀ gbà mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá Oda, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta náà dọ̀bálẹ̀ fún mi, àbí fún iṣu tó wà lórí mi, n kò lè sọ. Kí n tó ká gèlè kúrò, wọ́n ti gbé iṣu náà wọ ilé ìdáná, mo sì ń gbọ́ ìró odó.

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi. Mo fi ọwọ́ wá ẹran kiri inú ọbẹ̀. Mo wá a lápá ọ̀tún, mo wá a lápá òsì. Mo rò pé ojú mi ni. Ojú mi kọ́. Kò sí ẹran níbẹ̀.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí Fúnkẹ́ ń bi àwọn ọmọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé Màmá máa pa adìẹ tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni?"

Mo ké sí i láti pálọ̀ pé, "Adìẹ dókítà ni! Kẹ́nikẹ́ni má wò ó!" Bí mo ṣe fa apẹ̀rẹ̀ náà mọ́ra nìyẹn, tí mo fi ẹsẹ̀ há a.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé adìẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìgboro. Géètì wà ní títì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ àgbàdo. Ohùn ará Ìkàrẹ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, kò sí dókítà. Wọ́n yanṣẹ́ lódì."

"Àwọn àìsàn náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n yanṣẹ́ lódì?"

Ó rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi há a lọ́rùn. Ó ní oṣù keje rèé tí ìjọba ò san owó oṣù fún àwọn dókítà.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wọ́n san tìẹ?"

"Wọn ò san tèmi náà. Ṣùgbọ́n bí èmi náà bá lọ, wọn ó jí géètì."

Mo jókòó tì í. Mo sọ ọ̀rọ̀ Èkó fún un. Ó yọ àgbàdo kan fún mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìlú.

"Màmá, ẹ lọ sí Oǹdó ní Sátidé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sẹ́yìn. Dókítà ojú tibí yìí ń lọ síbẹ̀, ó ń yọ awọ ojú fún àwọn tí kò lówó."

"Èló ló ń gbà?"

"Kò gba nǹkan kan."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Jẹ́ n gbọ́ ọ dáadáa. Dókítà yìí kò ṣiṣẹ́ níbí, torí pé wọn kò sanwó fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó wá wọ mọ́tò lọ sí ìlú onílùú, láti lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọn kò ní sanwó fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ojú tirẹ̀ náà kọ́ ló ń dùn ún ṣá? Ṣé ó rí ọ̀nà?"

Ọ̀nà Oǹdó

Ọkọ̀ takisí ni wọ́n kó wa sí, àwa mẹ́rin lẹ́yìn. Èmi àti adìẹ mi jẹ́ ẹnì kan àtààbọ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí itan mi, orí adìẹ yọ síta, ó sì ń wo ẹ̀yìn ọrùn dẹ́rẹ́bà láìṣẹ́jú.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ojú adìẹ yín sí fèrèsé. Ó ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹyin rẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ dá sí i. Ẹnì kan ní adìẹ náà mọ̀ pé eré dẹ́rẹ́bà ti pọ̀ jù. Nígbà tí adìẹ na orí síwájú tó fẹnu ṣá dẹ́rẹ́bà létí, ó dín eré kù, ara gbogbo wa sì balẹ̀.

Ní Ọ̀wẹ̀nà, àwọn obìnrin sáré bo ọkọ̀, wọ́n ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wa. Mo rí àwọ̀ yẹ́lò tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú kùrukùru. Mo rà á lọ́wọ́ àwọ̀ náà.

Bí mo ṣe sọ̀ ní Oǹdó, mo kí ọmọbìnrin kan, mo béèrè ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dá mi lóhùn, mi ò gbọ́ ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Mo tún béèrè. Ó pe èkejì rẹ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ará Àkúrẹ́ ni Màmá yìí o!"

Mo ní, "Ará Oda ni mí."

"Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni?"

Inú bí mi. Èmi tí mo ti ń bá ará Àkúrẹ́ jà látìgbà èwe, pé kí wọ́n yéé wò wá bí ará oko, ibi tí mo rìn dé nìyí tí wọ́n kà mí mọ́ wọn! Àmọ́ mi ò tíì bínú tán tí wọ́n fi gba ẹrù lórí mi, tí ọ̀kan di apá mi mú, tí wọ́n sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Lójú ọ̀nà, wọ́n ti ki búrẹ́dì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìwà ará Oǹdó tí mo rí nìyẹn. Wọn kì í bi ọ́ bóyá ebi ń pa ọ́. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á tún fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Màmá Tíṣà

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún fún èèyàn. Ohùn obìnrin kan ló ń darí gbogbo wa. Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìjọba ò san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó wá fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá àwa aláìsàn. Ohùn náà le débi tí mo rò pé obìnrin náà á ga tó òrùlé.

"Orúkọ?"

"Ìyá Rótìmí."

"Orúkọ ọmọ yín kọ́ ni mo béèrè. Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó?"

"Wọ́n bí mi lọ́dún tí wọ́n gé ìrókò ẹ̀yìn ilé wa."

"Kí ni kí n kọ síbẹ̀, ìrókò?"

N kò mọ ohun tó padà kọ. Ó ní mo wà lára àwọn ìkẹyìn, ó sì lu aago.

"Ẹ gbọ́ o! Òfin kan la ní níbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún dókítà ní ohunkóhun. Kò sí owó, kò sí iṣu, kò sí ẹyin, kò sí 'ẹ fi ra omi tútù'. Ẹni tó bá fún un ní nǹkan, màá yọ orúkọ rẹ̀!"

Ẹ̀yin ará ilé mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá tọ́jú èèyàn tí kò fi nǹkan sílẹ̀, àìsàn náà kò lọ. Ó kàn ń dúró síta ni, bí ẹni tí wọn ò tíì fún ní ohun tó wá gbà, bó bá sì ṣe díẹ̀ á tún wọlé. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Kódà ẹni tó bá fi òróró pa orúnkún mi, màá wá ẹyin kan fún un. Wọ́n wá fẹ́ la ojú mi lọ́fẹ̀ẹ́? Ojú tó máa tún fọ́ kí n tó dé Ọ̀wẹ̀nà!

Mo fi ìró bo apẹ̀rẹ̀. Adìẹ ò fẹ́ òkùnkùn, ló bá figbe ta.

Màmá Tíṣà ní, "Ta ló ni adìẹ yẹn?"

Adìẹ mi tún ké. Láti abẹ́ àga kan lẹ́yìn, adìẹ míì dá a lóhùn. Òmíràn tún dáhùn lápá òsì. Lẹ́yìn náà ni tòlótòló kan sọ̀rọ̀.

Màmá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ àga, ó ń dárúkọ ohun tó bá rí sókè. Ẹyin wà nínú àpò ìwé orin. Ẹnì kan fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ, ó tilẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bàbá kan jókòó lé iṣu mẹ́ta, ó ní àpótí òun ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa ló mú nǹkan wá, a sì ti gbé e pamọ́, ẹnì kan ò sì sọ fún ẹnì kejì.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Màmá Tíṣà jókòó. Ó ṣàlàyé fún wa, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. Ó ní níbẹ̀rẹ̀ wọ́n máa ń gbà á. Nígbà tó yá, ẹni tó gbé tòlótòló wá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú, ẹni tó mú ẹyin wá jókòó sáàárín. "Àwọn tí kò ní nǹkan kan, ojú tì wọ́n. Wọn ò wá mọ́. Ilé ni wọ́n jókòó sí títí ojú wọn fi fọ́ pátápátá. Ìdí òfin nìyẹn."

Mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ kò sọ adìẹ mi di ohun tí mo lè gbé padà.

Èmi àti dókítà

Wọ́n ti ṣe àwọn tó ṣáájú mi, ó ku èmi àti ẹni méjì. Mo gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí èémí ń tán nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní epo tó kù kò pọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní bí dókítà kò bá gba adìẹ, mi ò wọlé.

Wọ́n pè é jáde. Ọmọ Òkìtìpupa ni, ohùn jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ló kàn."

"Ṣé wàá gba adìẹ?"

"Mi ò lè gbà á, mà. Òfin ni."

"Èmi náà ò lè wọlé nìyẹn. Òfin tèmi ni."

"Màmá, bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, ó di oṣù tó ń bọ̀ o."

Oṣù tó ń bọ̀! Rótìmí á ti kó mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa wọlé, ìyá mi nínú orí mi ní kí n dúró. Mo bá dojú ọ̀rọ̀ kọ dókítà.

"Wọn ò san owó oṣù rẹ, o yanṣẹ́ lódì. O wá síbí, o ń ṣiṣẹ́, o ò gba adìẹ. Ọmọ mi, kí lò ń jẹ?"

"Mo jẹ ẹ̀pà láàárọ̀."

"Ẹ̀pà! Ṣé orí rẹ pé?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Màmá, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní kí n ṣiṣẹ́ láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí oògùn, láìsí owó, kí n sì máa dúpẹ́ pé mo níṣẹ́. Ìyẹn ni mo kọ̀. Èmi ò kọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá jókòó sílé tí mi ò fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ yìí á gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo wo ibi tí ohùn Màmá Tíṣà wà.

"Tíṣà, ṣé òfin yín ní kí àgbàlagbà má se oúnjẹ?"

Ó ronú. Mo mọ̀ pé ó ń wá àṣìṣe mi. "Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbé ìkòkò ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ àga, ẹ dà á pọ̀. Kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ tirẹ̀. Gbogbo wa la máa jẹ ẹ́, dókítà náà á jẹ."

"Ẹni tí kò mú nǹkan kan wá ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ̀ ló mú wá. Òun la máa kọ́kọ́ bù fún."

Màmá Tíṣà lu aago. "Ta ló mọ adìẹ pa?"

Bàbá oníṣu ló pa á. Àwọn obìnrin Oǹdó bo ìdí iná, wọ́n ń bá mi jà pé ará Àkúrẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ata sọ́bẹ̀. Dókítà ń bá iṣẹ́ lọ lórí ẹni méjì tó kù. Ẹnì kan lọ fa epo láti inú ọ̀kadà rẹ̀ wá fún jẹnẹrétọ̀, ó ní òun ò tíì rí ọbẹ̀ tó ń ta sánsán báyẹn rí, a ò gbọdọ̀ sè é lásán kí iná wá kú. Nígbà tó jinná, mo dúró ti dókítà títí mo fi gbọ́ tó jẹ egungun. Ìgbà yẹn ni mo wọlé, mo dùbúlẹ̀.

Ojú mi là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́, kò dùn mí.

Mo ní, "Ibo ni wọ́n bù fún ọ nínú adìẹ?"

"Ẹsẹ̀, mà."

"Ẹsẹ̀! Dókítà ni wọ́n fún lẹ́sẹ̀! Jẹ́ n dìde, kí n lọ bá àwọn obìnrin yẹn…"

"Màmá, ẹ má mi orí!"

Ojú

Ilé Màmá Tíṣà ni mo sùn. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, dókítà tú aṣọ ojú mi.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ wọlé bí omi. Lẹ́yìn náà, mo rí ìka ọwọ́ mi, mo ka gbogbo rẹ̀, ó pé. Obìnrin kúkúrú tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró síwájú mi, kò ga ju èjìká mi lọ.

Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi pe Màmá Tíṣà."

Obìnrin náà ní, "Èmi rèé." Ohùn náà ni! Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹni ńlá kan fara pamọ́ síbẹ̀.

Mo wá wo dókítà. Ọmọdé ni. Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, wọ́n ti yí i padà, wọ́n tún un rán. Ó ní ojú ọ̀tún nìkan lòun ṣe, kí n padà wá fún òsì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo bi í bóyá òun náà ló máa ṣe é fún mi.

"Mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ sí òkè òkun, Màmá. Bí wọ́n bá pè mí kí oṣù mẹ́ta tó pé, màá lọ."

Mi ò lè ní kó má lọ, mo ti rí kọ́là rẹ̀. Mi ò lè ní kó máa lọ, ojú òsì mi ṣì wà nílẹ̀. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń wò ó títí ojú fi tì í.

Rótìmí dé ní ìparí oṣù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, pẹ̀lú ọkọ̀ tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síta, mo ń ṣa ẹ̀gúsí. Ó ń pariwo bọ̀ láti ìta, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún afọ́jú: "Mọ́mì, èmi ni o! Rótìmí ni o! Ẹ má dìde, ẹ ó ṣubú!"

Mo ní, "Bọ́tìnnì rẹ kejì ti já. Irùngbọ̀n rẹ ti ń funfun. Ta ní ń bọ́ ọ l'Ékòó tí ọrùn rẹ rí báyìí?"

Ó dúró. Ó gbé ìka mẹ́ta sókè láìsọ̀rọ̀. Mo ní mẹ́ta ni, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó wá jẹun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ọmọ ọkùnrin tó ti ní ọmọ márùn-ún, ó sì ń sunkún. Mo jẹ́ kó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo bu iyán fún un, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ kejì ló padà. Iṣu àti ẹ̀fọ́ kún bùútù, àpò gaàrí méjì wà lẹ́yìn. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó tóbi ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó ti fẹ́ gbé mi sí, ó sì fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é dáadáa. Mo dúró lójú títì, mo ń wò wọ́n lọ títí wọ́n fi yí kọ́nà.